Etí Irin Níwájú Ìlù Ńlá

Bí òwe, bí òwe ni à ń lu ìlù àgídìgbo; ọlọ́gbọ́n ni í jó o, ọ̀mọ̀ràn ni í sì í mọ̀ ọ́n. Àwọn àgbà tó pa òwe yìí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà nínú ìlù, àti pé etí tó ń gbọ́ ọ ni yóò sọ bóyá ọ̀rọ̀ náà dé ibi tó ń lọ. Ní ayé òde òní, etí kìíní tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlù ń bá pàdé ni etí irin tí gbogbo ènìyàn ń pè ní máíkì. Ohun tí etí irin náà kò bá gbọ́, kò sí ẹni tí yóò tún gbọ́ ọ mọ́ lẹ́yìn tí onílù bá ti dìde kúrò nídìí ìlù rẹ̀. Nítorí èyí, ìbéèrè nípa irú máíkì tó yẹ kí wọ́n gbé síwájú ìlù ńlá kọjá ọ̀rọ̀ àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ nìkan. Ó kan gbogbo ẹni tó bá ka ohùn sí ohun ìṣúra.

Ìlù tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí ni èyí tó tóbi jù nínú àwọn ìlù òyìnbó tí wọ́n máa ń tò papọ̀, tó máa ń dùbúlẹ̀ sílẹ̀, tí onílù sì ń fi ẹsẹ̀ lù. Àwọn onílù ṣọ́ọ̀ṣì àti ti ẹgbẹ́ olórin nílẹ̀ Yorùbá ń pè é ní kíìkì. Ní ìgbà kan rí, ọwọ́ ni wọ́n fi ń lù ú. Nígbà tó di ọdún 1909, William Ludwig, ará Chicago ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gbé ẹ̀rọ àfẹsẹ̀tẹ̀ kan jáde tó mú kí ó rọrùn fún ẹnì kan ṣoṣo láti jókòó, kí ó máa fi ọwọ́ lu àwọn ìlù kéékèèké, kí ó sì máa fi ẹsẹ̀ lu èyí tó tóbi. Fífẹ̀ ojú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ínṣì 22 fún àwọn olórin rọ́ọ̀kì; ọ̀pọ̀ oníjáàsì a sì máa fẹ́ èyí tó jẹ́ ínṣì 18.

Ẹni tó bá fẹ́ yan máíkì fún un gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ pé ohùn tó wà nínú kíìkì ju ẹyọ kan lọ. Àkọ́kọ́ ni ohùn tó ń ti ikùn ìlù jáde, tó ń dún gbì. Afẹ́fẹ́ ń gbọ̀n níbẹ̀ ní nǹkan bí ìgbà 50 sí 80 láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìdí sì nìyẹn tí ènìyàn fi ń gbọ́ ọ láyà bí ó ṣe ń gbọ́ ọ létí. Èkejì ni ohùn tí kọ̀ǹgọ́ ẹsẹ̀ ń mú jáde nígbà tó bá ba awọ, tó ń dún tá. Èyí ga púpọ̀. Ìgbà 2,000 sí 5,000 ni afẹ́fẹ́ ń gbọ̀n fún un. Láàrin àwọn méjèèjì ni ohùn kẹta wà, ní nǹkan bí 300 sí 500, tó máa ń dún bí ẹni pé wọ́n ń gbá páálí òfìfo.

Gbì ni ìpìlẹ̀ orin. Tá ni ó ń sọ ìgbà tí ẹsẹ̀ balẹ̀ gan-an. Rédíò kékeré tí ìyá ọlọ́jà gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ rẹ̀ kò lè gbé gbì jáde, nítorí pé sípíkà rẹ̀ kéré jù. Bákan náà ni fóònù alágbèéká. Lórí irú àwọn ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, tá nìkan ni olùgbọ́ fi ń mọ̀ pé ìlù ńlá wà nínú orin. Ẹni tó bá gba gbì sílẹ̀ láìgba tá ti lu ìlù fún àwọn tó ní sípíkà ńlá nílé nìkan.

Máíkì fúnra rẹ̀ kò jìnnà sí ìlù. Awọ tín-ín-rín kan wà lójú rẹ̀ tó ń gbọ̀n bí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án. Nínú irú èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ, wọ́n lẹ wáyà tí wọ́n ká róbótó mọ́ ẹ̀yìn awọ náà. Wáyà yìí ń mì níwájú òòfà, mímì rẹ̀ ni ó sì ń di iná mànàmáná tó ń gba inú okùn lọ sínú ẹ̀rọ. Irú kejì ni wọ́n ń pè ní kọ̀ńdẹ́nsà. Awọ tirẹ̀ fúyẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó kọjú sí irin pẹlẹbẹ kan, ó sì nílò iná kí ó tó lè ṣiṣẹ́, èyí tó sábà máa ń jẹ́ fóòtì 48. Irú kẹta ni ríbọ́ọ̀nù, tó ń lo ọ̀já irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó fẹ́lẹ́ gan-an. Afẹ́fẹ́ tó ń tú jáde láti ikùn kíìkì lè fà á ya bí ó bá sún mọ́ ọn jù. Irú kìíní ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ń gbé síwájú kíìkì, nítorí pé ó lè gba ìyà. Ṣùgbọ́n awọ tó bá ru wáyà kì í yára bí awọ tí kò ru nǹkan kan, nítorí náà àwọn ohùn wẹ́wẹ́ kan wà tí kọ̀ńdẹ́nsà ń gbọ́ tí òun kì í gbọ́.

Awọ ni ó ń bá awọ sọ̀rọ̀, nígbà náà. Bí gúdúgúdú kò ṣe lè sọ gbogbo ohun tí ìyáàlù bá sọ, bẹ́ẹ̀ ni kò sí máíkì tó lè ròyìn ìlù tán pátápátá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ròyìn ìwọ̀n tí awọ tirẹ̀ lè gbé. Ẹni tó ń yan máíkì ń yan ẹlẹ́rìí, ó sì yẹ kí ó mọ ohun tí ẹlẹ́rìí náà máa ń gbàgbé.

Ìtàn fi hàn pé ohun tí ẹ̀rọ kò lè gbọ́ a máa yí ohun tí ènìyàn ń ṣe padà. Ní ọdún 1922, Àlùfáà Josiah Ransome-Kuti, tó jẹ́ bàbá tó bí bàbá Fẹlá, kọ orin tó lé ní ogójì sílẹ̀ ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù fún ilé-iṣẹ́ Zonophone. Wọn kò tíì máa lo máíkì láti ṣe àwo nígbà náà. Ẹnu ìwo ńlá kan ni akọrin ń kọrin sí, agbára ohùn rẹ̀ nìkan ni ó sì ń ti abẹ́rẹ́ tó ń fín orin sára àwo. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ẹgbẹ́ King Oliver gba orin jáàsì sílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ Gennett ní ìlú Richmond, ní ìpínlẹ̀ Indiana. Baby Dodds ni onílù wọn, ṣùgbọ́n kò lè lu ìlù ńlá rẹ̀ bó ṣe ń lù ú lóde ijó, nítorí ìbẹ̀rù pé agbára rẹ̀ yóò mú kí abẹ́rẹ́ fò kúrò lójú ọ̀nà. Igi kékeré ni ó ń gbá dípò rẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ àwo náà lónìí lè rò pé bí wọ́n ṣe ń lùlù nígbà náà nìyẹn. Ẹ̀rọ ni ó pa ìlù lẹ́nu mọ́. Láti ọdún 1925 ni máíkì ti wọ inú iṣẹ́ ṣíṣe àwo, tí ìlù ńlá sì bẹ̀rẹ̀ sí í rí ẹnu sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Síbẹ̀, ìbẹ̀rù kò tán. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ìlù bá dún àdúnjù, yíya ní í ya. Ní ilé ìgbohùnsílẹ̀ EMI tó wà ní Abbey Road ní Lọ́ńdọ̀nù, awọ máíkì ni wọ́n ń bẹ̀rù pé yóò ya. Òfin wọn ni pé máíkì kò gbọdọ̀ sún mọ́ ìlù ńlá ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 1966, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ogún ọdún kan tó ń jẹ́ Geoff Emerick bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí olórí agbohùnsílẹ̀ fún ẹgbẹ́ Beatles. Ó gbé máíkì AKG D20 sún mọ́ kíìkì Ringo Starr títí tó fi ku nǹkan bí ínṣì mẹ́ta, ó sì ki ẹ̀wù òtútù onírun àgùntàn kan, tó ní ọrùn mẹ́rin, bọ inú ìlù náà kí ó má baà máa hó. Orin tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́jọ́ náà ni wọ́n ń pè ní "Tomorrow Never Knows". Àwọn aláṣẹ ilé-iṣẹ́ náà bá a wí, ṣùgbọ́n nígbẹ̀yìn wọ́n kọ ìwé àṣẹ fún un pé ó lè máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún Beatles nìkan. Máíkì kan náà ni ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ibi tó gbé e sí ni ó yí ohùn ìlù padà, ẹ̀kọ́ tó sì wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá yan máíkì láìyan ibi tí yóò dúró sí kò tíì yan nǹkan kan.

Lónìí, oríṣiríṣi máíkì ni ó wà lọ́jà tí wọ́n dìídì ṣe fún iṣẹ́ yìí. AKG D112 àti Shure Beta 52A jẹ́ méjì tí orúkọ wọn kì í wọ́n lẹ́nu àwọn oníṣẹ́ ohùn. Àwọn tó ṣe wọ́n ti dá sí ọ̀rọ̀ kí ìlù tó dún: wọ́n ti gbé gbì sókè, wọ́n sì ti fi kún tá, kí ohùn páálí má baà hàn púpọ̀. Ó rọrùn láti lò, inú ẹni tó bá ń kánjú a sì máa dùn sí i. Shure SM57, tó ti wà lọ́jà láti ọdún 1965, kò wọ́n púpọ̀, ó sì ń gbọ́ tá dáadáa, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ń rọ̀ bí ohùn bá ti ń lọ sílẹ̀ sí gbì. Electro-Voice RE20, tó jáde ní ọdún 1968, jẹ́ máíkì tí àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò fẹ́ràn. Kì í bù mọ́ ohùn ní ìsàlẹ̀ bí ènìyàn bá sún mọ́ ọn, nítorí náà àwọn kan ń gbé e síwájú kíìkì bí wọ́n bá fẹ́ ìròyìn tí kò ní àsọdùn. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń lo sípíkà lásán. Sípíkà àti máíkì jẹ́ ọmọ ìyá: èyí tó ń sọ̀rọ̀ lè di èyí tó ń gbọ́ bí wọ́n bá yí okùn rẹ̀ padà. Awọ funfun sípíkà Yamaha NS-10 ti gba gbì sílẹ̀ lọ́nà yìí nínú ọ̀pọ̀ orin.

Bí ọjà bá kún báyìí, ọ̀rọ̀ owó ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn ẹni tó ń rà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tó ń bójú tó ẹ̀rọ ohùn ní ìjọ kan ní Ìbàdàn. Àwọn àgbà ìjọ fẹ́ kí wọ́n gba orin ẹgbẹ́ akọrin sílẹ̀ fún ayẹyẹ ọdún, wọ́n sì fún un ní owó tó tó ra máíkì kan péré, nítorí pé kíìkì nìkan ni kò ní máíkì tirẹ̀. Gbogbo ẹni tó bi ní ìmọ̀ràn gbà á níyànjú pé kí ó ra èyí tó lágbára jù, kí ilẹ̀ lè máa mì. Ó tọ ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́ lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n rà nínú wọn?"

Ẹ̀gbọ́n wò ó, ó ní, "Bàbá tó ń lu gángan fún yín, kí ni wọ́n máa ń sọ bí orin bá gbóná?"

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò mọ̀ ọ́n. Ó ti ń gbọ́ gángan náà láti kékeré, kò sì bèèrè rí.

"Lọ gbọ́ ọ ná. Bí o bá ti gbọ́ ọ yé, kí o wá bi mí ní ọ̀rọ̀ máíkì."

Ó lọ yá máíkì méjì, ó sì gba ìpàdé ìfidánrawò sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Pẹ̀lú èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún kíìkì, ilẹ̀ mì lóòótọ́, inú àwọn ọ̀dọ́ sì dùn. Lẹ́yìn náà ni ó gbé ohun tó gbà sílẹ̀ lọ fún bàbá onígángan láti gbọ́. Bàbá fi ọwọ́ lérán, wọ́n gbọ́ ọ títí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ta ló ń gba ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu?"

Ìbéèrè bàbá yìí ni kókó ọ̀rọ̀. Gángan kò ní fáwẹ́lì, kò ní kọ́ńsónáǹtì. Ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ nìkan ni ó fi ń sọ̀rọ̀. Ohùn tó gbẹ̀yìn nìkan ni ó ya "ìlú" sọ́tọ̀ kúrò lára "ìlù". Bí ohùn ńlá bá sì dún ní ìsàlẹ̀, ó máa ń bo ohùn mìíràn tó bá wà nítòsí rẹ̀ mọ́lẹ̀, bí ariwo jẹnẹrétọ̀ ṣe ń bo ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Nígbàkígbà tí ẹsẹ̀ onílù bá balẹ̀ lásìkò tí gángan ń sọ ohùn ìsàlẹ̀, kíìkì tí máíkì ti fẹ̀ lójú gbé ohùn náà mì. Gbólóhùn bàbá wá dà bí ìwé tí kòkòrò ti jẹ lójú. Ẹni tí kò gbọ́ èdè ìlù kò ní mọ̀ pé nǹkan kan sọnù. Orin ṣì ń dùn létí rẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ra máíkì kejì, tí kò bù mọ́ gbì. Ó fa tìmùtìmù tó kún inú kíìkì jáde, ó fi aṣọ pélébé kan rọ́pò rẹ̀, ó sì ti orí máíkì náà bọ ihò ojú ìlù díẹ̀, kí ó kọjú sí ibi tí kọ̀ǹgọ́ ti ń ba awọ. Kíìkì kéré sí ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ balẹ̀ ni ó hàn kedere, gángan sì ń sọ̀rọ̀ láìsí ìdíwọ́. Àwọn àgbà ìjọ kan ṣàròyé pé owó àwọn kò mú ilẹ̀ mì. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Gbì díẹ̀ ti lọ. Ohun tó kù ni ọ̀rọ̀ bàbá, àwọn tó sì lè fi gángan sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ mọ́ nínú ìjọ náà.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tìtorí èyí rò pé máíkì tí kò bù mọ́ ohùn ni ó dára jù níbi gbogbo. Nínú orin tí kíìkì ń lù ní déédéé láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin kí àwọn oníjó lè rí ìlù tẹ̀ lé, gbì ńlá ni ọba ibẹ̀, máíkì tó bá sì gbé e ga kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ti Tony Allen yàtọ̀. Èkó ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1940, ó dara pọ̀ mọ́ Fẹlá ní ọdún 1964, òun ni ó sì ń lùlù fún un títí di òpin àwọn ọdún 1970. Nínú orin áfúróbíìtì tí wọ́n jọ ṣe, kíìkì rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Ó ń bá àwọn ìlù ọwọ́ rẹ̀ fọ̀rọ̀ jomi tooro ọ̀rọ̀, ó lè balẹ̀ kí olùgbọ́ tó retí rẹ̀, ó sì lè dákẹ́ níbi tí onílù mìíràn ì bá ti lù ú. Bí máíkì bá gba gbì rẹ̀ nìkan, ìfọ̀rọ̀wérọ̀ náà yóò dàrú mọ́ra. Tá ni ó ń fi hàn pé ẹsẹ̀ náà ń ronú. Tony Allen kú ní ìlú Párìsì ní ọjọ́ 30, oṣù kẹrin, ọdún 2020. Kò sí ẹni tó tún lè sọ pé kí ó wá jókòó kí wọ́n gbé máíkì sún mọ́ ọn sí i. Ohun tí àwọn máíkì ìgbà náà gbọ́ ni ogún tí ó kù.

Ọ̀nà Abbey Road àti ti Èkó kò sì jìnnà síra wọn bí àwọn kan ṣe lè rò. Fẹlá kó ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ gba orin sílẹ̀ ní Abbey Road ní ọdún 1971, tí Tony Allen sì lùlù níbẹ̀. Ní ọdún 1973, Geoff Emerick tẹ̀ lé Paul McCartney wá sí ilé ìgbohùnsílẹ̀ EMI ní Apápá, ní Èkó, láti gba àwo "Band on the Run" sílẹ̀. Onílù McCartney ti fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó gbéra, nítorí náà McCartney fúnra rẹ̀ ni ó jókòó sídìí ìlù. Ìlù ẹni tó mọ ìlù lù díẹ̀ àti ìlù ọ̀gá onílù kò lè béèrè ohun kan náà lọ́wọ́ máíkì. Máíkì kò sì mọ ìyàtọ̀. Ẹni tó gbé e kalẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n.

Àwọn kan yóò sọ pé wàhálà yìí ti di ti àtijọ́, pé kọ̀ǹpútà lè tún ohunkóhun ṣe. Òtítọ́ wà nínú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà lè bu gbì kù, ó lè fi tá kún un, ó tilẹ̀ lè yọ kíìkì kan kúrò pátápátá kí ó sì fi ohùn kíìkì ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí máíkì kò gbọ́ rárá, kọ̀ǹpútà kò lè rántí rẹ̀. Bí wọ́n bá sì ti fi ohùn ìlù ẹlòmíràn rọ́pò ti onílù, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni ó kù nínú orin náà. Ohùn rẹ̀ ti lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá gan-an. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni yóò gbé fóònù tàbí máíkì kékeré lọ síwájú onírárà, oníjàálá tàbí onídùndún láti gba lítíréṣọ̀ alohùn sílẹ̀. Kí wọ́n tó tẹ bọ́tìnnì, ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ jókòó gbọ́ ọ láìsí ẹ̀rọ kankan, kí wọ́n bi onílù léèrè ohun tó ń sọ, kí wọ́n sì mọ èwo nínú àwọn ohùn tó wà níbẹ̀ ni ó ru ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n gba díẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n gbé e fún onílù fúnra rẹ̀ láti gbọ́. Bí ó bá béèrè pé ta ló ń gba ọ̀rọ̀ mọ́ òun lẹ́nu, kí wọ́n sún máíkì náà kúrò níbẹ̀, kí wọ́n sì tún un gbà.